Ìkúnlẹ̀ ní Ìpele Kẹta

Kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: èmi ni mo kọ́kọ́ bà á jẹ́. Kì í ṣe ọ̀gá mi, kì í ṣe àwọn òyìnbó. Èmi Gàníyátù, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kubwa, tó gbà pé kò sí kóòdù tí òun ò lè kà láyé yìí. Ojú tì mí lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà kan. Kò tì mí mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́.

Orúkọ géèmù náà ni Ọ̀nà Jìn. Bàbá Ọláoyè ló ṣe é lọ́dún 1996, nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Àbújá níbí. Ará Okun ni wọ́n, láti apá Kàbbà. Lọ́sàn-án, bí àwọn yòókù bá ti lọ jẹun, Bàbá á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa kọ kóòdù. Kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́ náà. Nínú géèmù yẹn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dára ru iṣu, ó ń fẹsẹ̀ rìn láti abúlé lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Àbújá. Ewúrẹ́ á kàn án, ọlọ́pàá á dá a dúró, òjò á pa á. Ìpele méje ló gbọ́dọ̀ là kọjá kó tó débẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìgbà yẹn mọ̀ ọ́n dáadáa. Dísíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gbé e láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, títí ọ̀gá àgbà kan fi pàṣẹ pé kí wọ́n pa á rẹ́ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, nítorí pé àwọn akọ̀wé ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ń jẹ́ Ìtàkùn. Jabi ló wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí èèyàn ti lè rí adágún omi látojú fèrèsé. Ọládùnjoyè ni ọ̀gá wa. Ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ó mọ aṣọ wọ̀, bó bá sì ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ò ní mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí. Òun ló bá ilé iṣẹ́ kan nílùú òyìnbó ṣàdéhùn, àwọn tó ń tún àwọn géèmù àtijọ́ gbé jáde. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbé Ọ̀nà Jìn kúrò lórí kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, kí n sọ ọ́ di ohun tí èèyàn lè fi pádì gbá lórí tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é. Mi ò lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi nítorí ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò sì tíì dárí jì mí. Mo fẹ́ kó jáde. Mi ò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ibi tí mo ti bà á jẹ́ ni ìpele kẹta. Níbẹ̀ ni Dára ti dé etí odò. Ìyá àgbà kan jókòó lábẹ́ igi mángòrò lẹ́bàá ọ̀nà, afárá méjì sì wà níwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí Dára bá ti dé iwájú ìyá àgbà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró gbagidi. Mo tẹ èyí, mo tẹ tọ̀hún, kò mira. Mo ní àṣìṣe ayé àtijọ́ nìyí, Bàbá ti dàgbà, wọn ò tètè rí i. Mo yọ ohun tó dá ọmọ náà dúró. Dára gba iwájú ìyá àgbà kọjá fìrì, ó gun afárá, afárá já, ó bómi lọ. Mo ní àṣìṣe kejì nìyẹn. Mo tún afárá ṣe. Ìpele náà wá rọrùn jù, mo bá kó olè méjì sójú ọ̀nà. Àtúnṣe kan ń bí òmíràn, títí mo fi ṣe mọ́kànlá. Mo wá ń rìn kiri ọ́fíìsì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé.

Àwọn òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n kọ̀wé pé ó ti dára, ó ti tó gbé jáde. Ohun kan péré ló kù. Bàbá ló ni géèmù, ó sì wà nínú ìwé àdéhùn pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbá a, kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé, kí ẹnikẹ́ni tó lè tà á. Ọ̀gá ní kí n gbé ẹ̀rọ náà lọ bá wọn nílé.

Kubwa ni Bàbá ń gbé, kò jìnnà sí ilé àwọn òbí mi. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n gba pádì, wọ́n yí i padà lọ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Inú wọn dùn ní ìpele kìn-ín-ní. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ewúrẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ìpele kẹta, Dára gba iwájú ìyá àgbà kọjá, Bàbá sì gbé pádì sílẹ̀ lórí àga.

"Ọmọ yìí ò kí i," wọ́n ní.

"Ẹ̀n, sà?"

"Dára. Ó gba iwájú ìyá àgbà kọjá, kò kí i."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ o, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, àṣìṣe kan ló wà níbẹ̀ látijọ́. Ọmọ náà á kàn dúró ni, kò ní lè lọ. Mo ti bá yín tún un ṣe."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó bàjẹ́?"

Wọ́n tún gbé pádì. Wọ́n gba afárá òsì, ó gbé wọn kọjá. Wọ́n padà, wọ́n gba ti ọ̀tún, ìyẹn náà gbé wọn kọjá.

"Afárá méjèèjì ló dára?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀kan máa ń já lábẹ́ èèyàn láìnídìí. Mo ti tún un ṣe."

"Ìwọ lo tún afárá yẹn ṣe."

"Èmi ni, sà."

Bàbá wò mí títí. "Ó mà ṣe o," wọ́n ní, "pé wọn ò tíì bí ẹ lọ́dún 1989."

Inú bí mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ yìí, ẹni tí mo ṣe é fún wá ń sọ̀rọ̀ sí mi bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. Bàbá ò ṣàlàyé. Wọ́n dìde, wọ́n ṣí aṣọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó wà ní igun pálọ̀, wọ́n tàn án. Ó pẹ́ gan-an kó tó jí. Wọ́n ní kí n jókòó síbẹ̀, kí n gbá ìpele kẹta.

Dára dé iwájú ìyá àgbà, ó dúró.

"Kí i," Bàbá wí.

"Bọ́tìnnì wo ni wọ́n fi ń kí èèyàn, Bàbá?"

"Tó o bá dé Ìlọrin, tó o rí ìyá tó bí ìyá ẹ, kí lo máa ń ṣe?"

Mo tẹ bọ́tìnnì tó kọjú sísàlẹ̀. Dára kúnlẹ̀, tòun ti iṣu lórí. Bí ìyá àgbà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń jáde lójú kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀: Okun o, ọmọ mi. Ìyá rẹ ńkọ́? Bàbá rẹ ńkọ́? Àwọn ará ilé ńkọ́? Ṣé iṣu yín ta lọ́dún yìí? Nígbà tó bi mí nípa iṣu, ó sú mi, mo gbé Dára dìde. Ìyá àgbà tún bẹ̀rẹ̀ látòkè: Okun o, ọmọ mi. Ìyá rẹ ńkọ́?

"Bàbá, ó ti tún bẹ̀rẹ̀!"

"O dìde ni. Àgbà ń bá ẹ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, o dìde."

Mo tún ṣe é, mo tún dìde, kò sì dá mi lóhùn yàtọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo káwọ́ sábẹ́ itan mi. Ìyá àgbà béèrè gbogbo ẹni tó wà nílé wa, títí dórí aláìsàn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló wá sọ pé: Afárá ọwọ́ òsì ti já lánàá. Ti ọ̀tún ni kó o gbà. Bá mi kí wọn nílé.

Mo wo Bàbá. Wọ́n ní bí èèyàn bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ géèmù lọ́tun ni afárá tó já máa ń yí padà. Kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ̀ ọ́n àfi kó kúnlẹ̀, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin.

Wọ́n wá sọ fún mi nípa Akin. Àbúrò wọn ni. Lọ́dún 1989, lẹ́tà iṣẹ́ dé fún Bàbá pé kí wọ́n wá gba ipò wọn ní Àbújá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Akin gbé wọn lórí alùpùpù, wọ́n ń sáré. Ìyá àgbà kan dìde lẹ́bàá ọ̀nà, ó nawọ́ sí wọn, ó kígbe pé, "Okun o! Okun o!" Wọn ò dúró.

"Àwa tí wọ́n ń fi kíkí pè lórúkọ," Bàbá wí. "Ìkíni wa ni wọ́n fi ń pè wá ní Okun, ó kí wa, a ò dá a lóhùn. Òjò ti gbé afárá tó wà níwájú lọ lánàá ọjọ́ yẹn. Ohun tó fẹ́ sọ fún wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò lè kàn pariwo afárá mọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kọ́kọ́ kí wa ni." Wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà. "Wọ́n yọ èmi nínú odò. Akin, ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i."

Mo kó ẹ̀rọ mi, mo kúnlẹ̀ kí Bàbá, mo jáde. Nínú kẹ̀kẹ́ Marwa tó gbé mi lọ sílé, mo sunkún débi pé awakọ̀ ń fi Hausa kí mi pẹ̀lẹ́ pé "sànnu, sànnu" láìbojúwẹ̀yìn. Ohun tí mo pè ní àṣìṣe ni géèmù gan-an. Mo ti tún afárá ṣe fún ẹni tí afárá pa àbúrò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi yọ àtúnṣe mọ́kànlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo kàn sọ fún Ọ̀gá pé àṣìṣe tèmi ni, mo ń tún un ṣe. Nígbà tí mo parí, mo fún Mukhtar. Mukhtar ló ń bá wa dán géèmù wò, ọmọ Hausa ni láti Katsina, kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń kà á. Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Ó dé iwájú ìyá àgbà, Dára dúró. Mukhtar tẹ bọ́tìnnì méjì, mẹ́ta, ó sì lu ara rẹ̀ níwájú orí.

"Kai! Old woman dey here, I never greet am."

Ó tẹ ìsàlẹ̀. Ó dúró. Bí ìyá àgbà ṣe ń béèrè ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, Mukhtar ń dá a lóhùn sókè pé, "Lafiya, Mama, lafiya lau," kò sì dìde títí ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ afárá. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Na so e suppose be. This one sweet pass the other one." Inú mi dùn débi pé mo ra súyà fún un.

A fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé dé. Nínú ogójì èèyàn tí wọ́n fún láti gbá a, mẹ́tàdínlógójì ló fi í sílẹ̀ ní ìpele kẹta. Wọ́n ní ọmọ náà ń há síbì kan. Wọ́n ní ìyá àgbà ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹ̀dà àkọ́kọ́, èyí tí mo bà jẹ́, ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe òmíràn. Bí ẹ̀dà yẹn ò bá dé ọwọ́ wọn pẹ̀lú ìwé tí Bàbá fọwọ́ sí kí oṣù tó parí, àwọn ò ṣe mọ́.

Mo bẹ Ọ̀gá pé kó jẹ́ ká kọ ìlà kan péré sójú géèmù, pé "kí àgbà." Ó ní òun ti béèrè, wọ́n kọ̀. Ó wá pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Daddy á wá síbí lọ́jọ́ Ẹtì," ó ní, Bàbá ló ń pè bẹ́ẹ̀. "They trust you. Ìwọ lo máa gbé géèmù síwájú wọn. Gbé ẹ̀dà tí Daddy fẹ́ síbẹ̀, èyí tó ní ìkúnlẹ̀. Wọ́n á gbá a, inú wọn á dùn, wọ́n á sign. Lẹ́yìn náà, what we send is what we send."

"Ọ̀gá, ṣé kí n tan wọ́n jẹ ni?"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ìtànjẹ? Wọn ò ní ẹ̀rọ yẹn nílé. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Ta ló máa sọ fún wọn? Gàníyátù, ọdún mẹ́ta. Ṣé o fẹ́ kí ọdún mẹ́ta wọlẹ̀ nítorí pé ìyá arúgbó inú tẹlifíṣọ̀n fẹ́ béèrè iṣu?"

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo rò ó. Mo rò ó láti Jabi dé Kubwa nínú bọ́ọ̀sì, mo tún rò ó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì láti Kubwa dé Jabi. Mo ń sọ fún ara mi pé inú Bàbá á ṣáà dùn, géèmù á ṣáà jáde, kò sì sẹ́ni tó máa fara pa. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní páàkì Jabi ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Nígbà tí mo bà á jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, mi ò mọ̀. Báyìí mo mọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí n tún bà á jẹ́, kí n sì mú àgbàlagbà wá jókòó síbẹ̀ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Irú èèyàn wo ni wọ́n rò pé mo jẹ́? Mo wo ara mi nínú gíláàsì ilé iṣẹ́ wa kí n tó wọlé, mo ní, kò lè ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá dé ní aago mọ́kànlá. Wọ́n wọ agbádá kékeré kan àti fìlà, wọ́n ti múra bí ẹni ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó dọ̀bálẹ̀ o, mo rí i. Ìwé wà lórí tábìlì, bírò wà lórí ìwé. Mukhtar wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá ṣẹ́jú sí mi pé kí n bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ sí i. Èyí tí wọ́n fẹ́ tà gan-an ni mo gbé síwájú Bàbá.

Bàbá gbá ìpele kìn-ín-ní, wọ́n gbá ìkejì. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ nípa bí ayé ṣe máa gbọ́ orúkọ wọn. Dára dé abẹ́ igi mángòrò. Ó gba iwájú ìyá àgbà kọjá fìrì, olè méjì tí mo kó síbẹ̀ yọ sí i, ó fò wọ́n dá, ó gun afárá, afárá ò já.

Bàbá yí orí padà, wọ́n wò mí. Mi ò ní gbàgbé ojú yẹn. Wọ́n rò pé mo ti já àwọn jù sílẹ̀.

"Bàbá," mo ní, "èyí ni wọ́n fẹ́ tà. Mo ti ṣe èkejì bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ, ó wà níbí, ó pé. Wọ́n ní kí n gbé èkejì yẹn síwájú yín kí ẹ lè fọwọ́ síwèé, kí àwọn sì fi èyí ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá lọ. Mo kọ̀."

"Gàníyátù, are you mad?" Ọ̀gá ti dìde.

"Orí mi pé, Ọ̀gá."

"Daddy, ẹ má dá a lóhùn, sà. Ó ti rẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ ló pọ̀ fún un..."

"Kò rẹ̀ mí," mo ní. "Ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa. Ẹ dúró níwájú wọn, kí ẹ sọ pé irọ́ ni."

Ọ̀gá wo Mukhtar bí ẹni tó fẹ́ kí Mukhtar bá òun sọ ọ́. Mukhtar wolẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Oga, no be lie."

Bàbá fa ìwé sọ́dọ̀ ara wọn. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn ò kánjú, gbogbo wa sì dúró. Ọ̀gá ń sọ pé àǹfààní yìí ò ní padà wá mọ́, pé ọjọ́ orí wọn ti lọ, pé bí wọn ò bá gbà báyìí, géèmù náà ò ní jáde títí wọ́n á fi kú. Bàbá parí kíkà wọn. Wọ́n mú bírò, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ibi tó yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí: MI Ò GBÀ. Wọ́n wá fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"O ti gbọ́ mi?" wọ́n bi Ọ̀gá.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí i, sà."

"Mo ti ń ronú sí i láti ọdún 1989."

Mo bọ́ káàdì ilé iṣẹ́ lọ́rùn mi kó tó di pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá ní kí n mọ̀ pé gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún mẹ́ta jẹ́ ti Ìtàkùn, mi ò gbọ́dọ̀ mú ohunkóhun jáde. Mo ní mo mọ̀. Òótọ́ ni, mi ò mú nǹkan kan. Kóòdù jẹ́ tiwọn, géèmù jẹ́ ti Bàbá, kò sì sí ẹni tó lè tà á láìsí èkejì. Ibẹ̀ ló wà títí dòní, nínú kọ̀ǹpútà kan ní Jabi, ó pé, ó dára, kò sẹ́ni tó ń gbá a.

Ó dùn mí. Ó dùn mí bí ẹni pé wọ́n gba nǹkan lára mi. Bàbá ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí a jọ ń sọ̀kalẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èmi náà ò retí rẹ̀. Wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú nítorí orókún wọn, a sì rọra ń lọ.

Ohun tó wá bí mi nínú jù wáyé lẹ́yìn oṣù méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ láàárín àwọn tó ń ṣe géèmù ní ìlú yìí pé arúgbó kan ló dá Ọ̀nà Jìn dúró, pé olójúkòkòrò ni, pé ó ń béèrè owó jù. Mo mọ ẹni tó ń sọ ọ́ kiri. Èmi ò sì níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà, gbogbo ibi tí mo bá kọ̀wé sí ni wọ́n ti ń bi mí léèrè ohun tí mo ti gbé jáde rí.

Ilé iṣẹ́ kan pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Utako. Obìnrin tó jókòó níwájú mi rí orúkọ mi, ó sì bá mi sọ Yorùbá. Èèyàn dáadáa ni. Ó ṣí ìwé mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò.

"Kò sí géèmù kan tó jáde níbí."

"Kò sí, mà."

"Ọdún mẹ́ta lo lò ní Ìtàkùn."

"Ọdún mẹ́ta ni, mà."

"Mo gbọ́ nípa iṣẹ́ yẹn." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. "Arúgbó yẹn ló kó bá yín, àbí? Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Màá kọ ọ́ síbí pé ẹni tó ni géèmù ló dá a dúró."

Ó ti gbé bírò sórí ìwé. Bí mo bá mi orí péré, ó ti parí, ó ṣeé ṣe kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé.

"Rárá, mà," mo ní. "Bàbá kọ́. Wọ́n ní kí n tan àgbàlagbà jẹ kó lè jáde, mi ò sì jẹ́ kó jáde. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo dá a dúró, kí ẹ kọ orúkọ mi tì í: Gàníyátù Yàhàyá. Bí wọ́n bá tún gbé e wá lọ́la bó ṣe wà yẹn, màá tún dá a dúró."